Dókítà Tó Ń Gbọ́ Ohùn Nínú Omi

Ìgbéraga ni àìsàn tó kọ́kọ́ ṣe Dókítà Muntasir, kí èkejì tó wá bá a. Ó gbà pé oríṣi ènìyàn méjì ló wà láyé: ẹni tí ń tọ́jú ènìyàn, àti ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Kò gbà láé pé òun lè bọ́ sí apá kejì.

Ní ìlú Asyut, létí odò Náílì, ta ni kò mọ ọwọ́ rẹ̀? Bó bá la ikùn, ojú egbò a jinná bí ẹni pé abẹ kò débẹ̀ rí. Láti abúlé ni wọ́n ti ń gbé aláìsàn wá, wọn a sì jókòó sínú oòrùn títí yóò fi kàn wọ́n. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í bi í ní ìbéèrè. Ohun tó bá ti sọ, abẹ gé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fọ ọwọ́ kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ló bá gbọ́ ohùn obìnrin kan nínú omi ẹ̀rọ. Ohùn náà rọ̀, bíi ti ìyá tó ń bá ọmọ wí lábẹ́lẹ̀. Ó ní, "Muntasir, kò tíì mọ́." Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Ó pa omi, ohùn náà dákẹ́. Ó ṣí i, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá ń fọ ọwọ́ náà lọ títí awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

Láti ọjọ́ náà, kò sí omi tí kò ní ẹnu mọ́. Tíì tí ìyàwó rẹ̀ ń dà sínú ife ń sọ̀rọ̀. Omi àlùwàlá ń sọ̀rọ̀. Oorun dá lójú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn lọ rí dókítà ọpọlọ, Muntasir ní ṣé orí ìyàwó náà pé ṣá? Àwọn ẹbí ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Yusra, ọmọ wọn, ti fẹ́ wá ka Fátíhà láti fìdí àdéhùn ìgbéyàwó múlẹ̀, wọ́n sì ti ń wádìí ìdílé wọn lẹ́nu àwọn aládùúgbò.

"Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ," ni Muntasir wí. "Ta ni yóò wá fẹ́ ọmọ wèrè?"

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n orúkọ rere ni ọkùnrin yìí ń tọ́jú, kì í ṣe orí.

Dókítà Nahed, obìnrin tó máa ń fi oògùn kun aláìsàn lóorun kí Muntasir tó là wọ́n, ló rí ẹ̀yìn ọwọ́ náà. Wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ pẹ́. Ó pè é sí kọ̀rọ̀.

"Bàbá Yusra, ta lẹ máa ń dá lóhùn nídìí omi?"

"Kùránì ni mò ń kà."

"Ẹ má purọ́ fún mi. Èmi náà ti gbọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀ rí. Mo gba ìsinmi, mo lo oògùn, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ gbé abẹ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀."

Muntasir rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá olórí ilé ìwòsàn pé ẹ̀rù ń ba òun láti máa bá obìnrin tó ti ya wèrè rí ṣiṣẹ́, pé ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí ìwà ìkà yìí. Ẹni tó na ọwọ́ sí i nínú kànga, ọwọ́ yẹn gan-an ló gé. Wọ́n gbé Nahed lọ sí ọ́fíìsì tí kò ti ní fojú kan aláìsàn mọ́, wọ́n sì fi ẹlòmíràn tí kò jẹ́ dá Muntasir lẹ́kun rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ka Fátíhà Yusra, wọ́n pín ohun mímu dídùn, Muntasir rò pé òun ti jàre.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n gbé Tahani dé, omidan kan tí ìyá rẹ̀ ń ta ìkòkò amọ̀. Apẹ́ńdíìsì ni, iṣẹ́ tí Muntasir lè dijú ṣe. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi ẹnu kò ó.

"Dókítà, òun nìkan ni mo ní o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Tahani. Kí tíì yín tó tutù, a ó ti ṣe tán."

Iṣẹ́ náà lọ dáadáa. Ó gé ohun tó yẹ kó gé, ó wá bu omi iyọ̀ láti fi ṣan inú ikùn kó tó rán an, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Bí omi náà ti kan ìfun, ohùn náà sọ̀rọ̀ láti inú ọmọbìnrin yẹn. "Muntasir, kò tíì mọ́." Ó tún da omi sí i. Kò tíì mọ́. Àwọn tó dúró tì í rí i tó ń mi orí, tó ń wí jẹ́jẹ́ pé, "Ó dáa, mo gbọ́." Wọ́n mọ̀ pé nǹkan ti yíwọ́, ṣùgbọ́n wọ́n rántí Nahed, kò sí ẹni tó lanu. Muntasir na ọwọ́, ó gbé ike oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń rẹ irin iṣẹ́, tí kò gbọdọ̀ wọ inú ara ènìyàn, ó dà á sínú ikùn náà títí ike fi gbẹ, ó sì ń fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn yí ohùn padà. Kò gbọ́ ọ. Ohùn inú omi nìkan ló gbọ́, tó ní, "Ó ti mọ́ báyìí."

Tahani kò jí mọ́. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ Muntasir títí láé, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n tì í mọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ. Àwọn àna kọ Yusra sílẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ náà ni wọ́n ti fún Muntasir ní oògùn tí kò tóbi ju èékánná lọ, ìyẹn náà tí Nahed lò. Láìpẹ́, ohùn náà lọ, orí rẹ̀ sì pé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Ìyá Tahani wá wò ó lẹ́ẹ̀kan. Kò bú u, kò sunkún.

"Nígbà tí mo fẹnu ko ọwọ́ ẹ, ṣé o ti mọ̀ pé ara ẹ ò yá?"

"Mo ti mọ̀ tipẹ́."

Obìnrin náà dìde, ó lọ. Títí di òní, Muntasir ń fi orí tó pé gbé pẹ̀lú ohun tó ṣe, orí pípé yẹn gan-an sì ni ìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n. Àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Dókítà náà ń ṣàárẹ̀, ó sì lè gbádùn, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ bíi Nahed. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn mọ̀ pé ara òun ò yá, kó tún mú abẹ lọ́wọ́ nítorí ohun tí ayé máa wí. Ṣùgbọ́n ta ni ayé ọ̀hún? Àwa tí à ń fi wèrè bú ènìyàn ni, àwa tí à ń wádìí ìdílé kiri, àti àwọn tó dúró nínú yàrá yẹn tí wọn ò sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ fún wa pé orí òun kò dára, ẹ má ṣe jẹ́ ká fi ìtìjú san án fún un.