Èèkù Ọ̀bẹ Tí Láòyè Ń Bẹ̀rù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń fi ìrora pamọ́ kí wọ́n má baà pè yín ní ọ̀lẹ, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ti Láòyè. Afíngbá ni ní ìlú Ọ̀yọ́. Ọ̀bẹ kékeré ló fi ń ya ẹyẹ àti ewé sára igbá tí ìyàwó ń gbé relé ọkọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́, ó sì yọ̀ mọ́ èèyàn. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tó bá ń bà á lẹ́rù, ṣe ló máa gbé e mì, tí á sì máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, òun ni àwọn àgbà ilé gbé ọ̀bẹ bàbá lé lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Irin ọ̀bẹ náà dára, ṣùgbọ́n èèkù rẹ̀ kò bá Láòyè mu rárá. Bàbá rẹ̀ síngbọnlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì fẹ̀. Ọwọ́ Láòyè kéré. Èèkù náà tóbi, ó sì rí rogodo, ó máa ń fẹ́ yí mọ́ ọn lọ́wọ́, àfi kó fún un pinpin. Ìdí rẹ̀ sì ń gún un ní àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tó yá, àtàǹpàkò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó lè fi kan ìkòkò gbígbóná láì mọ̀.

Ẹ ó ní ṣebí kó kàn gbẹ́ èèkù náà kéré. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Láòyè wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀ pe gbogbo ọmọ ilé jọ, ó ní ẹni tó bá fi irin kan èèkù ọ̀bẹ òun, ọwọ́ onítọ̀hún á rọ. Láòyè kò gbàgbé. Ọjọ́ kan tó mú ọ̀bẹ mìíràn pé kí òun fá èèkù náà díẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó gbé e sílẹ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, kíkú náà ti dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní bàbá òun ti rí inú òun, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òun níyà.

Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Á kọ́kọ́ bẹ ọ̀bẹ kó tó mú un. Bí eku bá rìn lájà, á fò sókè. Ó ń rò ó pé bí ọwọ́ òun bá rọ tán, kí ni òun máa fi bọ́ Ìgè ọmọ òun. Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, bi í títí ohun tó ń ṣe é, Láòyè ní ó rẹ òun ni.

Wọ́n wá gbé igbá ńlá kan wá fún un, irú èyí tí ẹnì kan kò lè dì mú kó má mì. Nílé wọn, ìyàwó tó máa fi èédú kun ojú ọnà ló máa ń bá ọkọ di irú igbá bẹ́ẹ̀ mú. Àwẹ̀ró jókòó, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di igbá náà mú. Láòyè ń fín apá ẹyẹ lọ. Èèkù yí mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀bẹ gé ìka Àwẹ̀ró, kò sì mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló rí lára apá ẹyẹ.

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ kejì di ìka náà mú. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Ìgè, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọ̀bẹ ti yí lọ́wọ́ yín ni?”

Ìgbà yẹn ni ẹkún gba ẹnu Láòyè. Ó ní ọwọ́ òun ti kú, bàbá òun ló ń mú un lọ. Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá rẹ̀, tó ti sáré wá di ìka Àwẹ̀ró, ní kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó tún un sọ, ó sì fi ìkìlọ̀ bàbá rẹ̀ kún un. Ìyá Àgbà mú ọ̀bẹ náà, ó yí i wò.

“Láòyè, ẹ̀yin ọmọdé lẹ máa ń jí ọ̀bẹ yìí lọ gé ìrèké, tí ẹ tún ń fi àdá ha èèkù rẹ̀ ṣeré. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí ẹ jìnnà sí i ló ṣe dẹ́rù bà yín. Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́, ó yọ èèkù bàbá wa kúrò, ó gbẹ́ èyí bá ọwọ́ ara rẹ̀ mu. Ojú mi ló ṣe.”

Ó ní kí Láòyè fi èédú pa àtẹ́lẹwọ́, kó wá di èèkù náà mú bí ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ibi tí dúdú bá ti pọ̀ jù lára igi náà, ibẹ̀ ló ń ni í lára, kó fá a. Láòyè fi ọ̀bẹ mìíràn kàn án. Bí èérún igi àkọ́kọ́ ṣe já bọ́, ó dijú, ó ń retí kí apá òun rọ. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwẹ̀ró ló ní kó máa fá a lọ. Láòyè sọ ẹ̀gbẹ́ èèkù náà di pẹlẹbẹ kó má baà yí mọ́, ó gbẹ́ àyè fún àtàǹpàkò, ó sì fá ìdí rẹ̀ kó má baà gún un mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ìka rẹ̀ jí.

Egbò Àwẹ̀ró náà jinná, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò ká mọ́. Títí di òní, bó bá di igbá mú fún ọkọ rẹ̀, ìka yẹn nìkan ló máa ń nà gbọọrọ sí ojú Láòyè. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Láòyè kì í sì lè wò ó pẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nìyí. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fara da ìyà tí àwọn fúnra wọn kò fara dà. Bí nǹkan bá sì ń bà yín lẹ́rù, ẹ sọ ọ́ fún àgbà nígbà tó ṣì jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ló ń dùn. Ká ní Láòyè ti béèrè ọ̀rọ̀ kan péré ni, ìka Àwẹ̀ró ì bá ṣì máa ká.