Afẹ̀ríntà, Ẹni Tó Ta Àdúgbò Ẹ̀ Fún Oníbọn

Ohun tó ba ayé ọkùnrin yìí jẹ́ ni pé ó máa ń ta ohun tí kì í ṣe tiẹ̀, á sì fi ẹ̀rín wé e fún ẹni tó ń rà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Afẹ̀ríntà. Bó bá ti rẹ́rìn-ín sí ẹ, yáa ka ẹrù ẹ.

Kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aránṣọ, ló tọ́ ọ. Ìdí máṣíìnì lobìnrin yìí ń wà láti àárọ̀ dalẹ́ kí ọmọ náà lè kàwé. Ó sì kà á lóòótọ́. Ó mọ kọ̀ǹpútà, ó ríṣẹ́ sílé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù.

Géèmù wọn kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù o. Ìbọn ni wọ́n máa gbé lé ẹ lọ́wọ́. Títì tó bá wù ẹ́ lo máa rìn, ilé tó bá wù ẹ́ lo máa já wọ̀, ẹni tó bá wù ẹ́ lo máa yìnbọn fún. Ìlú tí wọ́n lò nínú ti àkọ́kọ́, àfọwọ́dá ni, kò sí láyé. Ó tà gan-an. Wọ́n wá fẹ́ ṣe ìkejì, ọ̀gá wọn sì ní ibi tó wà lóòótọ́ lòun fẹ́ lò lọ́tẹ̀ yìí.

"Ibo ni ká lò?" ló bi wọ́n.

Obìnrin tó ń ya àwòrán fún wọn ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún dá ìlú tiwa. Ilé tó wà lóòótọ́, èèyàn ló ń gbébẹ̀."

Afẹ̀ríntà bú sẹ́rìn-ín. "Èèyàn tó ń gbébẹ̀ gan-an ló máa jẹ́ kó tà! Mo ní àdúgbò kan. Ó ní kọ̀rọ̀, ó ní ọ̀nà ẹ̀yìn tí ọlọ́pàá ò mọ̀. Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí."

"Àwọn ará ibẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀gá mi, inú àpò mi ni wọ́n wà."

Kí ìpàdé tó tú, wọ́n ti fi í ṣe olórí iṣẹ́ náà.

Ó gbé kámẹ́rà délé. "Ìyá mi, a fẹ́ fi àdúgbò wa ṣe eré."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, torí inú ẹ̀ lolè sá sí. Èyí tí òṣèré ń ṣe, eré là ń pè é. Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, eré náà ni. Ti òṣèré ni wọ́n gbọ́ ládùúgbò, inú wọn sì dùn. Afẹ̀ríntà rí i pé wọ́n ṣì í gbọ́, ó panu mọ́. Ẹni tó rí i pé oníbàárà ṣi ọjà mú, tó dákẹ́ tó gbowó ẹ̀, kí là ń pè é?

Ìyá Aránṣọ lọ wọ aṣọ tó dáa jù lára aṣọ ẹ̀. "Ṣé màá sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀?"

"Ẹ ò ní sọ púpọ̀, Ìyá mi. Ẹ kàn máa pariwo díẹ̀."

"Ariwo? Ṣé ìyẹn náà le? Bi àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wò!"

Baba Káfíńtà, aládùúgbò wọn, fò síwájú. "Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń kú! Ẹ wò mí!" Ó di ikùn mú, ó ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó ṣubú gbì.

Ìyàwó ẹ̀ ní, "Baba, ẹ tún un kú, ẹsẹ̀ yín ṣì ń mì."

Gbogbo àdúgbò ń rẹ́rìn-ín, Afẹ̀ríntà ń ya gbogbo ẹ̀. Ó ya ojú wọn, ó ya ilé wọn. Ó ya ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́yìn àwọn máṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ, èyí tó já sí kọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé ará ilé nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Géèmù jáde, ó tà. Làwọn géńdé kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá síwájú ṣọ́ọ̀bù. "Pá! Pá! Ìyá, ẹ kú, ká gba kọ́kọ́rọ́!" Ìyá Aránṣọ rò pé wọ́n mutí ni. Ọmọbìnrin Baba Káfíńtà ló fi géèmù náà hàn án lórí fóònù. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ rèé. Aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ fọ́tò rèé. Wọ́n yìnbọn fún un, ó pariwo, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jábọ́ lára ẹ̀.

"Èmi rèé?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ta ló ń yìnbọn fún mi?"

"Ẹni tó bá ti rà á, mà."

Ó pe Afẹ̀ríntà lórí fóònù. Ẹ̀rín lọmọ náà fi dá a lóhùn. "Ìyá mi, eré lásán ni. Ẹ ti di gbajúmọ̀!"

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn olè gidi gba kọ̀rọ̀ wọlé. Ìyá Aránṣọ gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ pé, "Bó ṣe wà nínú géèmù gẹ́lẹ́!" Wọ́n ń kó máṣíìnì lọ. Ó di máṣíìnì kan mú, kò fi í sílẹ̀, ni wọ́n bá fi irin lu ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, ó kán. Ẹni bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ní í bà.

Ariwo ta. Aráàlú ń bi ilé iṣẹ́ géèmù pé ta ló gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò yìí. Ọ̀gá pe Afẹ̀ríntà. "Ṣebí inú àpò ẹ ni wọ́n wà? Ó yá, kó wọn jáde kí wọ́n wá jẹ́rìí."

Ó sáré délé. Ìyá Aránṣọ jókòó, wọ́n ti so ọwọ́ ẹ̀ mọ́ àyà.

"Ìyá mi, ẹ kàn bá mi sọ pé ẹ mọ̀ pé ìbọn máa wà nínú ẹ̀."

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ṣáà sọ ọ́! Iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ mi!"

"Tèmi ti bọ́."

Wọ́n kó géèmù yẹn kúrò lórí àtẹ. Ọ̀gá tó fi í ṣe olórí náà ló ní kí ẹ̀ṣọ́ tì í síta. Ilé iṣẹ́ géèmù tó bá lọ, wọ́n ti gbọ́ ìròyìn ẹ̀ kó tó débẹ̀. Nígbà tí kò rí ibi gbé mọ́, ó gbẹ́rù padà sádùúgbò. Ó kí àwọn èèyàn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Baba Káfíńtà ti ilẹ̀kùn gbà mọ́ ọn lójú.

Ìyá Aránṣọ ò lé e. Ó na abẹ́rẹ́ àti òwú sí i. "Fi bọ̀ ọ́ fún mi. Ọwọ́ mi ò gbé e mọ́."

Ibẹ̀ ni Afẹ̀ríntà wà dòní, lórí àpótí, níwájú gbogbo ayé, tó ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́, tí obìnrin náà ń fi ọwọ́ òsì rán aṣọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá gbójú sókè wò ó, Ìyá Aránṣọ kì í wò ó padà.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: ojú èèyàn kì í ṣe ọjà, ilé èèyàn kì í ṣe àtẹ. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi hàn ẹ́ torí pé ọmọ ilé ni ẹ́, má lọ fi han ẹni tó gbé ìbọn dání, ìbáà ṣe ìbọn inú kọ̀ǹpútà. Bó o bá fẹ́ lo nǹkan onílé, sọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe fún un, sọ ọ́ títí á fi yé e, kó lè ráyè sọ pé òun ò fẹ́. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ olójú méjì gbàṣẹ, kò gba nǹkan kan. Ó jalè ni.