Akọni Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Ọmọ Rẹ̀

Àmọ̀pé dé ilé àbúrò rẹ̀ ní Òmù-Àrán, ló bá la ẹnu sílẹ̀.

Májẹ́kódùnmí, akọni tó bá wọn ja ogun Jálumi, ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ.

Ọmọ náà jókòó lórí àpótí, fìlà bàbá rẹ̀ bò ó dé imú.

"Bàbá, àyà yín ò tíì kanlẹ̀!"

Àmọ̀pé figbe ta. "Yéè! Irú eré wo nìyí? Ọmọ tí bàbá ń bá ṣeré báyìí, ṣé yóò mọ àgbà kí láéláé?"

Kíá, Àwẹ̀ró sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, Ìyá. Ẹ kú oòrùn. Ṣé àlàáfíà ni àwọn ará Òwu-Ìsin wà?"

Inú Àmọ̀pé yọ́ bí òrí tí wọ́n gbé sóòrùn. "Àṣé eré yìí ni bàbá rẹ fi ń kọ́ ọ ní ìkíni!"

"Rárá o. Màmá ló fi eré kọ́ mi. Bàbá ni èmi ń kọ́. Nígbà tí wọ́n lọ mú Màmá wálé láti ilé àwọn òbí wọn ní Ìsánlú-Ìsin, ṣe ni wọ́n kàn ń mi orí sí àwọn àna wọn bí aláǹgbá. Àwọn àna ní kí Bàbá lọ kọ́ ìkíni wá ná."

Àwẹ̀ró ti fìlà sókè.

"Ìyá, ta ló tọ́ Bàbá dàgbà? Màmá ní ẹni náà ò bá wọn ṣeré rí."

Májẹ́kódùnmí gbórí sókè nílẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àmọ̀pé wo òrùlé.

"Èmi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ wá kúnlẹ̀ síbí."