Ẹsẹ̀ Ẹyẹ Lára Òkúta

Afárá òkúta mẹ́ta ló wà nínú igbó náà, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wà lójú ibi tí títì tuntun fẹ́ gbà kọjá. Òfin ti là á sílẹ̀: bí afárá náà bá ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, títì gbọ́dọ̀ yà fún un. Bí kò bá pé e, katapílà á wó o, á wó ilé bíríkìlà àgbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ ọn, á sì gba orí sàréè ìyàwó rẹ̀ kọjá.

Ìdí nìyẹn tí bíríkìlà náà fi ti wọ bàtà rọ́bà dúró lẹ́nu igbó kí oòrùn tó mú. Akọ̀wé tí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ rán wá kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, àmọ́ màdáámú ni bàbá ń pè é, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

"Bàbá, ẹ má bínú tí mo bá pẹ́ o," ni akọ̀wé wí. "Ọ̀gá mi ní kí n wò ó fínnífínní. Wọ́n ní àwọn èèyàn ti gbọ́n jù lóde òní."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, màdáámú. Ẹ wò ó dáadáa."

Ó yára ṣáájú wọ inú igbó.

Afárá àkọ́kọ́ kò jìnnà. Ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti lọ, ìdí rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa òkúta kan.

"Kí ni wọ́n gbẹ́ síbí yìí?"

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ a máa dùn lẹ́nu oníṣẹ́. Bàbá gbàgbé ẹ̀rù fúngbà díẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ẹyẹ la máa ń pè é. Àwọn bíríkìlà ayé ọjọ́un máa ń gbẹ́ ẹ sára òkúta kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e wá síbi iṣẹ́. Ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ kọjú sókè, kí ẹni tó ń tò ó lè mọ orí òkúta yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Wọn kì í ṣì í tò."

"Rárá?"

"Ẹni tó bá ṣì í tò, wọ́n á ní kó lọ máa roko."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Àwọn òkúta tó kù dà?"

"Àwọn èèyàn ti kó wọn lọ."

"Àwọn wo?"

"Ẹni tó bá ń wá òkúta ni, màdáámú."

Ní afárá kejì, ògiri kan péré ló ṣẹ́ kù. Akọ̀wé fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó wá na ìka sí ibi tí ògiri kejì wà tẹ́lẹ̀. "Ojú ibi tí wọ́n ti yọ òkúta yìí ṣì mọ́ o."

Bàbá wúkọ́. "Òjò ló fọ̀ ọ́."

Wọ́n ń lọ. Ipa táyà kan ṣoṣo la àárín ọ̀nà tóóró náà já. Bàbá fọwọ́ ti ìbàdí tó ń dùn ún títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì ojú títì tuntun sára igi. Ọ̀dà náà ti ń ṣí, nítorí ó ti pé ọdún méjì tí wọ́n ti kùn ún.

"Ọdún tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama," ni akọ̀wé sọ láìwẹ̀yìn, "títì gba orí ilé bàbá mi kọjá. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún wa ká fi kó ẹrù."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

"Òfin lòfin, Bàbá."

Ẹni tí wọ́n ti wó tiẹ̀, ṣé á wá ṣàánú ẹni tí wọn ò tíì wó tiẹ̀?

Afárá kẹta pé pérépéré. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lèèyàn fi ń sọdá rẹ̀, ewéko tín-ín-tín sì ti bo òkúta rẹ̀. Lódìkejì, sàréè kan wà lábẹ́ igi, bárò kan sì wà lára ògiri ilé, táyà rẹ̀ ti jẹ tán.

"Àwọn tó kun ọ̀dà ò kọ ọ́ sínú ìwé pé afárá kankan wà níbí."

"Igbó ló bò ó nígbà yẹn."

Akọ̀wé yọ ọ̀bẹ kékeré, ó fi ha àárín òkúta méjì. Ìyẹ̀fun funfun dà sílẹ̀.

"Ẹfun ni," ni bàbá sáré wí. "Wọn ò mọ sìmẹ́ǹtì láyé ìgbà yẹn."

"Mi ò tíì bi yín, Bàbá."

Akọ̀wé lóṣòó sápá òsì afárá náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó fọwọ́ ra òkúta kan, ó tún un ra. Nígbà tó gbójú sókè, ọwọ́ bàbá ló ń wò.

"Kí ló ṣe èékánná yín?"

"Ilẹ̀kùn ló gbá a." Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò.

"Ta ló wà lábẹ́ igi yẹn?"

"Ìyàwó mi. Ọdún mọ́kànlélógójì la jọ gbé. Mo ṣèlérí fún un pé ẹnikẹ́ni ò ní gbé e kúrò níbẹ̀."

Akọ̀wé ṣí fáìlì, ó kọ̀wé, ó sì ka ohun tó kọ sókè: "Afárá kẹta ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Kí títì yà fún un."

Ilẹ̀ ni bàbá jókòó sí. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò tilẹ̀ rántí nù ún. Akọ̀wé pa fáìlì dé, ó kí i pé ó dìgbà, ó gba ọ̀nà tí wọ́n bá wá lọ, ó tó ìdí igi ọlọ́dà pupa kó tó ṣẹ́rí padà wá bá a.

"Bàbá," ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, "ọ̀gá mi ń bọ̀ wá fojú ara wọn wò ó lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n tó dé, ẹ bá mi yọ òkúta kẹrin tí ẹ tò sápá òsì yẹn, kí ẹ tún un tò, torí ẹsẹ̀ ẹyẹ rẹ̀ dorí kodò."