Ohùn Tó Ń Pe Màmá Dìde

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Ẹ kà á tán ná, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe áàpù orí fóònù. Amòye ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí ó mọ inú èèyàn bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ẹ̀. Ó ṣe áàpù kan tó ń mú kí èèyàn máa rìn. Ó mọ̀ pé ìkìlọ̀ dókítà kì í gbé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò lórí àga, ló bá fi ohùn ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù sínú ẹ̀. Bí ẹ bá jókòó pẹ́, ohùn ọmọ yín á ní, "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká rìn." Bí ẹ ò bá dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ yín.

Háà! Àwọn tí kì í rìn dé ẹnu géètì wá ń rìn yí àdúgbò po. Bàbá arúgbó kan ń rìn, ó ń sunkún ayọ̀, torí ohùn ọmọ ẹ̀ tó wà lókè òkun ló ń gbọ́. Ẹnu ya gbogbo wa.

2.
Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó Amòye. Ó ní, "Olówó orí mi, ẹ fi bọ́tìnnì kan síbẹ̀ tí èèyàn lè tẹ̀ bí ara ẹ̀ ò bá yá, kí ohùn náà lè dákẹ́."

Amòye bú sẹ́rìn-ín. "Tí mo bá fi síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni ara wọn ò ní yá!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò."

"Mo ti rò ó tán. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ó wá fi ohùn ara ẹ̀ sínú fóònù ìyá ẹ̀, tó ń dá gbé, tó sì ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà.

3.
Egbò kékeré yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ Màmá. Dókítà ní kó má fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ rárá. Màmá jókòó. Ohùn dé: "Màmá mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká rìn." Màmá ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

"Màmá, ṣé ẹ ò fẹ́ràn mi mọ́ ni?"

Màmá wọ bàtà. Ojoojúmọ́ ló ń wọ̀ ọ́. Ìgbà tí Amòye fi máa wá kí i, ẹsẹ̀ ti dúdú. Wọ́n gé e ní ọsibítù.

Amòye ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò pa fóònù yẹn?"

"Ọmọ mi, ìgbà wo lo pè mí rí tí mi ò dá ọ lóhùn?"

Lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fóònù sọ̀rọ̀: "Màmá mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká rìn." Màmá fi ọwọ́ ti bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ dìde. Amòye wólẹ̀, ó ń ké bí ọmọdé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wọ inú èèyàn, ẹ ṣọ́ra o! Agbára ńlá ló wà lọ́wọ́ yín, ó ń bà mí lẹ́rù. Ìrìn dára, àmọ́ ohun tó lè gbé èèyàn dìde gbọ́dọ̀ lè jẹ́ kó sinmi. Bí ará ilé yín bá sì ń kìlọ̀ fún yín, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Àṣejù, baba àṣetẹ́.