Awakọ̀ Tó Rán Àbúrò Rẹ̀ Lọ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Wò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ń sọ pé, "Kò sóhun tó ń ṣe mí."

1.

Ọba Ọ̀nà ni wọ́n ń pe awakọ̀ yìí níbi iṣẹ́. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti ìlú dé ìlú ló ń wà. Bí àwọn awakọ̀ yòókù bá páàkì láti na ẹ̀yìn, òun á fọn fèrè, á kọjá lọ, á máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ilé iṣẹ́ yẹ ara gbogbo awakọ̀ wò, ó yà sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì àdúgbò nítorí ẹ̀fọ́rí. Oníkẹ́míìsì so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, ó wò ó, ó tú u, ó tún un so.

"Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ yín ru gan-an. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la kí ẹ tó rí dókítà."

Ọba Ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tó délé, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ilé iṣẹ́ bá gbọ́, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ òun. Ló bá gbọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ tó ń ránṣọ. Àwọn méjèèjì jọra débi pé ìyá tó bí wọn máa ń ṣi wọ́n pè bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí i.

"Mú káàdì iṣẹ́ mi dání, kí o lọ bá mi na apá fún dókítà ilé iṣẹ́ wa."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò ní dọ̀ràn?"

"Ọ̀ràn bíi ti báwo? Ìwọ tí o jókòó sídìí ẹ̀rọ látàárọ̀, kí ló fẹ́ ṣe ẹ̀jẹ̀ tìrẹ?"

Ẹ̀gbọ́n yìí ló fi í sẹ́nu iṣẹ́, òun ló ra ẹ̀rọ ìránṣọ àkọ́kọ́ fún un. Kò lè kọ̀.

2.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ télọ̀ náà ru!

Dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ń ṣe ìwádìí lórí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú nígbà tí wọn ò tíì darúgbó. Ó ní kó sinmi, ó tún un wọ̀n ní apá kejì, kò yí padà.

"Ṣé ẹsẹ̀ yín máa ń rọ? Ṣé ẹ máa ń tọ̀ léraléra?"

Ẹnu ya télọ̀. Ó ti rò pé ẹ̀rọ tí òun ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló ń mú kí ẹsẹ̀ òun rọ.

"Kì í ṣe ìrònú nìkan ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru," dókítà ṣàlàyé. "Ti ẹlòmíràn, kíndìnrín ló ti bẹ̀rẹ̀. Ti ẹlòmíràn, ẹ̀yà ara kékeré kan tó jókòó sórí kíndìnrín bíi fìlà ló fà á. Ó máa ń tú họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀, họ́mónù náà ló ń sọ fún kíndìnrín pé kó di iyọ̀ mú. Bó bá ti pọ̀ jù, iyọ̀ àti omi á há sínú ara, ẹ̀jẹ̀ á máa ru. Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀jẹ̀ yín, ká mọ èyí tó jẹ́."

Nígbà tí èsì jáde, họ́mónù yẹn gan-an ni. Télọ̀ na káàdì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí dókítà.

"Dókítà, ẹ dárí jì mí. Orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe orúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi."

Dókítà tún wo èsì ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà ńkọ́, ta ló ni ín?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin náà ni màá tọ́jú nìyẹn. Mi ò ní buwọ́ lu ìwé ẹ̀gbọ́n yín, àmọ́ ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wá. Irú èyí máa ń rìn nínú ẹbí nígbà mìíràn."

3.

"Ẹni tí mo ní kó kín mi lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́!" Ọba Ọ̀nà pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ yẹ ara yín wò. Ó ní oògùn rẹ̀."

"Ìwọ ni o ń ṣàìsàn. Má fi tìẹ ràn mí."

Ó wá ẹlòmíràn tó bá a tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé àyẹ̀wò láìyẹ̀ ẹ́ wò, ó sì padà sójú ọ̀nà. Ẹ̀fọ́rí ò lọ. Oògùn ìrora ló ń gbé mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, kò sì mọ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń ba kíndìnrín jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni oògùn ìrora àmujù náà ń bá a kún un. Ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ra bàtà tó tóbi sí i.

Àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀ ń lo oògùn tó ń dí họ́mónù náà lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ le.

4.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú Ọba Ọ̀nà ṣókùnkùn nídìí ọkọ̀. Ọkọ̀ yà kúrò lójú títì, ó wó ògiri ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì pa. Kò sẹ́ni tó kú.

Ní ọsibítù, wọ́n rí i pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti súnkì. Ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ báyìí, kò sì lè wakọ̀ mọ́.

Télọ̀ sáré lọ bá dókítà. "Ẹ yọ ọ̀kan nínú tèmi fún un."

Dókítà mi orí. "Ẹni tí irú ẹ̀jẹ̀ ríru yìí bá ń ṣe, a kì í gba kíndìnrín lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ẹ̀gbọ́n yín wá nígbà tí mo ránṣẹ́ sí wọn, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má dé ibí yìí."

Nígbà tí Ọba Ọ̀nà gbọ́, ó kọjú sí ògiri.

"Àbúrò mi, èmi ni mo rán ọ níṣẹ́ yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ló gbà mí là. Ẹ̀yin ni ẹ ò tẹ̀lé mi."

Ìwọ tó ń ka èyí, má fi agbára apá díwọ̀n ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Lọ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ru, béèrè ohun tó fà á, kí o sì lo oògùn tí dókítà bá kọ fún ọ. O lè fi ìwé tan ọ̀gá rẹ, ṣùgbọ́n kíndìnrín kì í ka ìwé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá.