Tìmílẹ́hìn Jọ́kì àti Ààwẹ̀ Irọ́

Tìmílẹ́hìn fẹ́ràn ìyìn ju òtítọ́ lọ. Bí wọ́n bá yìn ín nítorí ohun tó ṣe, á gbà á. Bí wọ́n bá yìn ín nítorí ohun tí kò ṣe, á gbà á bákan náà, á tún rẹ́rìn-ín sí i. Ìwà yìí ló sọ ọ́ di ẹni tí kò lè gun ẹṣin mọ́ láé.

Ẹ̀gbẹ́ ọgbà Parsloes ní ìlú òyìnbó ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Ọláníkẹ́, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ṣọ́ọ̀bù bàtà kan ní ilé ìtajà Vicarage Field ni Tìmílẹ́hìn ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ẹṣin ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó máa ń lọ kó ìgbẹ́ ẹṣin ní ilé ẹṣin kan lẹ́yìn Dagenham, títí ìyá òyìnbó tó ni ibẹ̀ fi kọ́ ọ bí a ṣe ń mú ẹṣin sáré, kó sì fo ìdènà. Bó ṣe di jọ́kì, ẹni tó ń gun ẹṣin nínú eré ìje, nìyẹn. Kì í gba owó oṣù, ìfẹ́ eré náà ló ń mú un sá a. Nígbà tó gba ipò kìíní lórí Rósì, abo ẹṣin pupa kan, gbogbo ìjọ Aládùúrà wọn ní Barking dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ kò ti wálẹ̀ mọ́.

Nínú eré yìí, wọ́n máa ń wọn jọ́kì pẹ̀lú gàárì rẹ̀ kó tó gun ẹṣin. Ẹni tó bá wúwo jù kò ní gùn ún. Lẹ́yìn ọdún tuntun, Tìmílẹ́hìn ti sanra, eré ńlá kan sì ń bọ̀. Ó pa oúnjẹ tì, ó dín omi mímu kù, ó ń wọ ẹ̀wù òtútù lé ẹ̀wù òtútù sáré yí ọgbà ká, kí òógùn lè jáde lára rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Moṣọpẹ́ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú, ọmọ rẹ̀ sì wà ní ọsibítù nílé.

“Bùrọ̀dá Tìmí, ẹ mà ti rù o. Ṣé ààwẹ̀ lẹ wà ni?”

“Ààwẹ̀ ni, Sìstá.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọmọ mi sí i. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ máa pe orúkọ náà o.”

“Ó ti wà níbẹ̀,” ni Tìmílẹ́hìn wí. Fóònù rẹ̀ ló ń wò.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ ti kárí ìjọ pé Tìmílẹ́hìn ń gbààwẹ̀ fún ọmọ Moṣọpẹ́. Wòlíì pè é síwájú, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ wo àpẹẹrẹ. Tìmílẹ́hìn tẹrí ba bí ẹni mímọ́.

Irọ́ yìí dí ẹnu ẹni tó lè gbà á là. Ọláníkẹ́ rí i pé ètè ọmọ òun ti bó. Ó bu ìrẹsì sí abọ́, ó tún dà á padà sínú ìkòkò.

“Mi ò ní ba ààwẹ̀ tó ń gbà fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ́,” ló wí, ó sì wọ yàrá lọ.

Lùkmọ́nù, tí wọ́n jọ ń ta bàtà, ni ọ̀rọ̀ náà kò yé.

“Tìmí, àwa Mùsùlùmí náà ń gbààwẹ̀ o. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, a ó jẹun bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ẹ̀yin ńkọ́, ìgbà wo lẹ máa ń ṣínu?”

“Tiwa yàtọ̀.”

“Ó yàtọ̀ lóòótọ́! Tiyín ni wọ́n ti ń bọ́ sórí ìwọ̀n lẹ́yìn àdúrà. Ebi ń pa ẹ́, jàre. Afẹ́fẹ́ ẹnu ọ̀nà yìí máa tó gbé ẹ dé òpópó Longbridge.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Tìmílẹ́hìn kò jẹun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré, ìyá òyìnbó wo ojú rẹ̀. “Ṣé ara rẹ le? Bí kò bá le, sọ fún mi. Màá wá ẹlòmíì tó máa gun Rósì.”

Tìmílẹ́hìn wo àwọn ará ìjọ tó wá wò ó, wọ́n ń juwọ́ sí i. “Ara mi le, mà.”

Rósì sáré dáadáa. Nígbà tí wọ́n súnmọ́ ìdènà tó gbẹ̀yìn, ojú Tìmílẹ́hìn ṣú, ìjánu sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹṣin náà, tó ń retí àmì lọ́dọ̀ rẹ̀, fò ní wíwọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú dá, èyí tí kì í jinná lára ẹṣin. Wọ́n fi aṣọ yí i ká, dókítà ẹran sì fún un ní abẹ́rẹ́ ikú. Tìmílẹ́hìn ní tirẹ̀ ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì fọ́.

Moṣọpẹ́ sáré wá bá a ní ọsibítù, omijé lójú rẹ̀. “Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí ọmọ mi! Wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọsibítù lánàá o. Ọlọ́run gbọ́ yín.”

Inú Ọláníkẹ́ dùn. “Tìmí, pe orúkọ ọmọ náà, ká jọ dúpẹ́.”

Tìmílẹ́hìn la ẹnu. Orúkọ kankan kò jáde. Ó wo àjà, ó wo ògiri. Moṣọpẹ́ ń dúró.

“Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni,” ni obìnrin náà wí níkẹyìn. Ó mú báàgì rẹ̀, ó sì jáde.

Ìyá rẹ̀ kò pariwo. “Ebi ló ń pa ẹ́,” ló wí jẹ́jẹ́. “Ìrẹsì wà nínú ìkòkò mi, ebi sì ń pa ọmọ mi.”

Lónìí, Tìmílẹ́hìn ń tiro láàárín bàtà tó ń tà. Àyè Rósì ṣófo ní ilé ẹṣin, ìyá òyìnbó kò sì fẹ́ rí Tìmílẹ́hìn níbẹ̀ mọ́. Nínú ìjọ, kò sí ẹni tó tún ní kó bá òun gbàdúrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ẹ má ṣe gba ìyìn tí kò tọ́ sí yín, bó ti wù kó dùn tó. Ẹ má fi ẹkún ẹlòmíì bo àṣírí ara yín. Irọ́ tó ń fa àtẹ́wọ́ máa ń pa ẹni tó fẹ́ gbà wá là lẹ́nu mọ́, ìyà rẹ̀ sì lè kọ́kọ́ jẹ ẹ̀dá tí kò lè sọ̀rọ̀, bíi Rósì. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ sọ pé ebi ni.